Ẹja Gbogbo Yí Mi Ká

Kí n tó sọ bí Ọ̀gbẹ́ni Ofosuhene Apenteng ṣe dojú bolẹ̀ lórí pákó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe máa ń jókòó. Kì í kàn jókòó bíi tèmi tìrẹ. Boadu, akọ̀wé rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ fi aṣọ funfun nu àga, yóò sì tẹrí ba fún àga náà bí ẹni pé àga ló ń san owó oṣù fún un. Ìgbà náà ni Apenteng yóò wá yí ìdí sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, bí adìẹ tó fẹ́ sàba. Yóò jókòó, yóò mí kanlẹ̀, Boadu yóò sì wúkọ́. Bí Boadu bá ti wúkọ́, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí òtútù mú ṣèèṣì wúkọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un, Apenteng kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kó kúrò ní ìlú.

Ẹ ó bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ìjọba ló fi í ṣe alága àjọ tó ń mójú tó ẹja inú adágún Bosomtwe, ní ilẹ̀ Asante. Ẹja yìí gan-an, kò mọ̀ ọ́n rí. Kì í tilẹ̀ jẹ ẹ́, nítorí pé egungun ẹja há a lọ́fun nígbà tó wà ní kékeré, láti ìgbà náà ló ti ń jẹ ẹran ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì tó ní kí wọ́n máa fi kí òun ni "Baba Gbogbo Ohun Tó Ní Lẹbẹ àti Ìpẹ́". Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ nínú ìkíni yóò jáde, yóò tún wọlé, yóò tún un kí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó mọ ẹja wà ní abúlé Nsuano, létí adágún náà. Dókítà Pokuaa Ntim lorúkọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló rán an wá láti ṣe ìwádìí, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ tó ń sá tẹ̀ lé e kiri nígbà tó dé ti di bàbá ọmọ. Ilé Maame Dufie, ìyá tó ń yan ẹja, ló wọ̀ sí. Ẹja kékeré kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni Pokuaa fi ayé rẹ̀ wò. Bí ẹja yìí bá yé ẹyin tán, yóò kó wọn sẹ́nu, yóò sì pa ẹnu dé. Kò ní jẹun. Ebi yóò máa pa á, kò ní la ẹnu, títí àwọn ọmọ yóò fi lè wẹ̀ fúnra wọn. Bí ewu bá sì dé, wọ́n á tún sá padà sẹ́nu òbí wọn.

Lórí adágún yìí, kò sẹ́ni tó ń jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Pákó gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní padua ni wọ́n ń lò. Èèyàn á dojú bolẹ̀ lé e, á máa fi ọwọ́ wa omi. Irin kò gbọdọ̀ kan omi náà, nítorí ẹ̀mí tó ni adágún kò fẹ́ irin. Bẹ́ẹ̀ ni baba ń sọ fún ọmọ. Orí irú pákó bẹ́ẹ̀ ni Pokuaa máa ń wà láti àárọ̀, tí yóò máa wo ẹja kan ṣoṣo tó pa ẹnu dé. Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ibi tó bá ní kí wọ́n má ṣe dẹ àwọ̀n sí lásìkò ìyé ẹyin, ẹja ibẹ̀ a pọ̀ sí i lọ́dún kejì. Ni wọ́n bá ń gbọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Apenteng pe gbogbo abúlé jọ sábẹ́ àtíbàbà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti wọ́ àwọn àgò irin ńláńlá lọ sójú agbami lánàá, àwọn apẹja kò sì tíì pa ẹnu dé láti ìgbà náà.

"Ẹ̀yin èèyàn Nsuano, ẹ kú oríire mi!" Bí Apenteng ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Mo ti wo ẹja yín. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Ẹja yín kéré! Kí ló fà á? Ọ̀lẹ ni! Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá omi, ẹja yín kò gbìyànjú rárá láti tóbi. Ẹja tó yẹ kó máa wá iṣẹ́ ṣe, ọmọ ló ń fi ẹnu gbé kiri! Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹja òkèèrè wá, ẹja ọlọ́lá, ẹja tó mọ ohun tó wá sáyé. Wọ́n wà nínú àgò níwájú yín yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó ṣí àgò. Wọn yóò wọ inú adágún, wọn yóò sì kọ́ ẹja yín bí a ti ń dàgbà!"

Boadu wúkọ́. Àtẹ́wọ́ ró.

Pokuaa dìde. "Ọ̀gá, ẹja tí ẹ kó wá yìí, ẹja ló ń jẹ. Bí ẹ bá tú wọn sílẹ̀, wọn yóò jẹ ẹja kékeré wa tọmọtọmọ, wọn yóò jẹ ẹ́ tán. Bó bá sì ti tán níbí, kò sí ọjà tí a ti lè rà á padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú wọn. Nǹkan kejì, adágún yìí máa ń mí. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́, ewé àti òkú nǹkan ló ń jẹrà síbẹ̀. Bí òtútù oṣù kẹjọ bá dé, omi ìsàlẹ̀ yẹn á gòkè wá. Ẹja tibí mọ̀ ọ́n, wọ́n á sá lọ sí ẹnu odò tó ń ṣàn wọlé. Ẹja tó wà nínú àgò, ibo ló fẹ́ sá sí?"

Apenteng yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Boadu, adágún ń mí?"

"Ọ̀gá, n kò rí imú rẹ̀."

"Dókítà, fi imú rẹ̀ hàn mí, kí n yá a ní áńkáṣíìfù."

Boadu tún wúkọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń fi ojú bẹ Pokuaa bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ náà. Nana Amponsem, àgbà tó jẹ́ olórí àwọn apẹja, ló wá fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde.

"Ọ̀gá, ohun tí dókítà fi ìwé mọ̀, imú làwa fi mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa ní adágún a máa yin ẹ̀tù ìbọn rẹ̀. Òórùn ẹ̀tù á gba ìlú kan, ẹja á sì léfòó. Àti pé irin yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ nínú omi."

"Nana, ọ̀kan nínú eyín mi, irin ni," ni Apenteng dá a lóhùn, ó sì la ẹnu kí gbogbo ayé lè rí i. "Ojoojúmọ́ ni mo ń fi í mu omi. Omi wo ló ti bá mi jà rí?"

Ìyẹn nìkan kọ́. Kó tó jókòó, ó ti pàṣẹ pé yàrá tí Pokuaa fi ń ṣe ìwádìí ni kí wọ́n kó àga ayẹyẹ sí, kí dókítà má sì tún gun pákó kankan lórí adágún mọ́. Àwọn ìgò tí Pokuaa ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ohun tí wọ́n tò sí ìta, tí ewúrẹ́ ń gbóòórùn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti gbé ayé díẹ̀, mo sì ti rí i pé òpè tí kò ní agbára kò léwu. Òpè tí wọ́n fún ní àga ni kẹ́ ẹ sá fún.

Nínú ilé ìdáná Maame Dufie ni Pokuaa ti sunkún rẹ̀.

"Tètè sun ún tán," ni Maame Dufie wí, ó ń yí báńkù, òkèlè àgbàdo kíkan. "Oúnjẹ ń tutù."

"Maame, ọjọ́ Ẹtì ni. Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, ẹja yìí ti tán nìyẹn."

Nana Amponsem wọlé, ó sì wá ibi jókòó lẹ́bàá iná. "Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ fún ọkùnrin yẹn."

"Òótọ́ ni, Nana."

"Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn. Ṣé o ti rí i kó jẹ ẹja rí? Ẹ̀rù egungun ń bà á. Òótọ́ náà ní egungun, kò lè gbé e mì. Ohun tó ń jẹ ni kí o bù fún un. Kòkòrò tó bà lé ni lẹ́pọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lé e."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Nana!" Maame Dufie na ọmọ orógùn sí i. "Obìnrin wà níbí o."

"Kí ló kàn yín? Ṣé ara yín ló bà lé ni?" Ó tún yíjú sí Pokuaa. "A kò lè ní kó má tú ẹja sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè ní kó tú u sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ètò ayọ̀ ńlá kì í yá. Bí oṣù kẹjọ bá bá ẹja yẹn nínú àgò, adágún á parí èyí tó kù."

"Kí n wá lọ máa pọ́n ọn, Nana? Èmi?"

"Ẹja tí o ti ń wò látọjọ́ yìí, kí ló fi ń gba ọmọ rẹ̀ là?"

"Ó ń pa ẹnu dé," ni Pokuaa dáhùn.

"Ó tán. Lọ la tìrẹ lẹ́ẹ̀kan, kí o fi oyin sí i. Lẹ́yìn náà kí o pa á dé."

Ní ọjọ́ kejì, Pokuaa wọ ọ́fíìsì Apenteng. Ó kí i pẹ̀lú gbogbo lẹbẹ àti gbogbo ìpẹ́. Ó tún kí àga. Ojú Boadu là, nítorí kò sẹ́ni tó kí àga láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

"Ọ̀gá, mo wá tọrọ àforíjì. Oorun kò kùn mí lánàá. Mo ń rò ó pé irú iṣẹ́ ńlá báyìí, ṣé ọjọ́ Ẹtì lásán la ó ṣe é, lójú apẹja àti ewúrẹ́?"

Apenteng gbé orí sókè. "Máa sọ ọ́."

"Mínísítà kò ní sí níbẹ̀. Àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n kò ní sí níbẹ̀. Àti pé, Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí, aṣọ wo lẹ fẹ́ wọ̀?"

"Kẹ́ńtẹ́ mi wà nínú àpótí."

"Èyí tí ẹlòmíràn ti wọ irú rẹ̀ rí?" Pokuaa di àyà mú. "Nígbà tí àwọn ọba àtijọ́ bá ṣẹ́gun ìlú kan péré, wọ́n a ní kí wọ́n hun aṣọ tuntun, wọ́n a sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣẹ́gun odindi adágún, ẹ ó wá fi aṣọ tí ayé ti mọ̀ ṣe é?"

Ìbẹ̀rù bo Boadu. Ó ti ń pọ́n ọ̀gá rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, obìnrin kan wá fi ìjókòó kan ṣoṣo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, èmi náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀!" ló ké. "Èmi ti ní orúkọ aṣọ náà lẹ́nu! 'Apenteng Ló Dá Omi'!"

"Ó kéré," ni Apenteng wí. Ó dìde, ó lọ síwájú fèrèsé, ó wo adágún bí ẹni tó ń wo gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Orúkọ rẹ̀ ni 'Ẹja Gbogbo Yí Mi Ká'. Boadu, sọ fún Mínísítà pé kó dúró de aṣọ mi. Ẹja náà kó dúró."

Pokuaa jáde, ó lọ sí ìdí ìkòkò omi, ó sì fi omi yọ ẹnu rẹ̀. Ojú tì í. Obìnrin tí kò parọ́ nípa ẹja kan rí, ó ti wá parọ́ nípa èèyàn.

Ẹ ó rò pé Pokuaa ní láti lọ bẹ àwọn ahunṣọ kí wọ́n fi iṣẹ́ falẹ̀. Kò nílò rẹ̀. Apenteng fúnra rẹ̀ ló fà á nílẹ̀. Wọ́n hun ẹja aláràbarà sí i, ó ní ẹja náà kéré, wọ́n ń fi òun wé ẹja Nsuano. Wọ́n tú u. Wọ́n hun ẹja ńlá, ó ní ìdí ni wọ́n kọ sí òun, ìwà àfojúdi ni. Wọ́n tún tú u. Ó ní kí wọ́n hun wọn kí gbogbo ojú ẹja máa wo ibi tí orí òun yóò wà. Àgbà ahunṣọ tó wà nídìí òfì bi í pé, "Ọ̀gá, bí ẹ bá wá yí orí ńkọ́?" Apenteng ronú sí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Báyìí ni òjò ńlá fi rọ̀ tó sì dá, tí àwọn ẹja òkèèrè ń sanra nínú àgò, tí wọ́n ń fi eyín gbo irin.

Oṣù kẹjọ wọlé, aṣọ parí. Mínísítà dá ọjọ́. Adágún kàn tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, kò mira. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù wá ba Pokuaa gidi. Àràárọ̀ ló ń lọ sétí omi tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ símú. "Maame," ló sọ fún Maame Dufie, "bí adágún kò bá mí kó tó di ọjọ́ yẹn, èmi ni mo fi ẹnu ara mi pe Mínísítà wá síbi ìsìnkú ẹja mi." Maame Dufie bu báńkù fún un, wọn kò sì jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ pé. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí òkè wá. Pokuaa gba ẹnu odò kékeré tó ń ṣàn wọ adágún kọjá, ohun tó rí dá a dúró. Ẹja kún ibẹ̀. Wọ́n fún ara wọn mọ́ inú omi tó mọ́ tó sì ń ṣàn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí adágún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn wú. Wọ́n gbé ọmọ wọn dání wá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni.

Ó yẹ kó lọ jókòó ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn ṣì ni Apenteng, bí kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Pokuaa sáré bá a létí omi, níbi tí Boadu ti ń tún ìṣẹ́po aṣọ náà ṣe léjìká rẹ̀. Kí a má parọ́, aṣọ náà dára. Aṣọ kò jẹ̀bi.

"Ọ̀gá, ẹ má lọ sójú omi lónìí. Adágún fẹ́ mí. Èmi kò fi ti ẹja sọ ọ́, ẹ̀yin ni mo ń rò."

Apenteng wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo ní kí n hun aṣọ. Nígbà tí aṣọ wá dára, ìlara dé. Lọ jókòó sẹ́yìn."

Pokuaa pa ẹnu dé, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn.

Ètò Apenteng rèé. Wọ́n ti kan pẹpẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn àgò, wọ́n gbé àga sórí rẹ̀. Ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ gbé òun lọ, yóò sì padà wá gbé Mínísítà, kí Mínísítà lè bá òun níbẹ̀ tí ẹja gbogbo yí òun ká. Wọ́n fún un ní gbohùngbohùn, kí ohùn rẹ̀ lè máa ró létí omi. Ọkọ̀ gbé e lọ, ọkọ̀ padà. Ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó jókòó.

"Ẹ̀yin èèyàn Nsuano!" Ohùn rẹ̀ gba orí omi bọ̀, ó kọlu òkè, ó padà. "Ẹ kú oríire mi! Mínísítà, ẹ wo... Háà! Ẹ wò wọ́n! Ẹja ń bọ̀! Wọ́n ń jáde láti ìsàlẹ̀ omi! Wọ́n la ẹnu, gbogbo wọn ló la ẹnu, wọ́n ń kí mi! Boadu, orúkọ aṣọ mi ti ṣẹ!"

Létí omi, Mínísítà fi ọwọ́ di imú. "Kí ló ń rùn?"

"Òórùn ìdàgbàsókè ni, sà," ni Boadu dáhùn. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Imú wa kò tíì mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ń pọ̀ sí i!" ni ohùn náà ń wí. "Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Àwọn tó wà nínú àgò ti ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀! Wọ́n kọ ikùn sókè! Mínísítà, ẹ máa bọ̀, kí wọ́n wá kí ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá kí mi tán!"

Nana Amponsem fi imú fa afẹ́fẹ́. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́, òórùn ẹ̀tù. "Adágún ti yìnbọn," ló wí, kò sì pariwo rẹ̀. Àwọn tó kù ló pariwo rẹ̀. Àtíbàbà ṣófo ní kíá. Ọjọ́ tí adágún bá yìnbọn, ẹja tó bá léfòó, ti gbogbo èèyàn ni; olówó àti tálákà ni yóò gbé agbọ̀n. Àwọn ìyá sáré lọ gbé abọ́ igbá, àwọn ọkùnrin fa pákó. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì náà pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ, Mínísítà ni kí o gbé o," ni Boadu ké mọ́ ọn.

"Kí n ti irin wọ omi lọ́jọ́ tí adágún ń yìnbọn? Ìyá mi kò bí mi bẹ́ẹ̀." Ó ti lọ.

Gbohùngbohùn kò sì dákẹ́. "Boadu... Boadu, òórùn kan... Ẹ gbé ọkọ̀ wá. Kí ló dé tí ọkọ̀ kò... Boadu! Mo fẹ́ bì! Ìyá mi o! Ìyá mi o!"

Òórùn náà wọ Boadu lọ́fun ní àkókò yìí gan-an. Ó wúkọ́. Àwọn tó kù lábẹ́ àtíbàbà, tí ó ti mọ́ wọn lára, pàtẹ́wọ́.

Nana Amponsem ló padà fi pákó wa omi lọ bá a. Apenteng dúró lórí àga nígbà tó dé ibẹ̀, ó gbá aṣọ mọ́ra. Nínú àwọn àgò, kò sí ẹja kan tó tún ń mira.

"Nana, ibo ni kí n jókòó sí?"

"Kò sí ìjókòó lórí padua, Ọ̀gá. Ẹ dojú bolẹ̀."

"Èmi?"

"Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ dúró de ọkọ̀."

Apenteng bojú wẹ̀yìn, kò rí ọkọ̀. Ó dojú bolẹ̀. Ní ilé wa, àwa Yorùbá, ìdọ̀bálẹ̀ la fi ń kí àgbà. Àwọn Asante kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé bí Apenteng ṣe dọ̀bálẹ̀ fún adágún lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nínú wa kò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Etí aṣọ náà ń wọ́ tẹ̀ lé pákó, ó ń kó òkú ẹja bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ etí omi, Maame Dufie gbé abọ́ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Aṣọ tó sọ tẹ́lẹ̀! Ẹja gbogbo yí i ká lóòótọ́!"

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, òkè gbọ́ ọ. Mínísítà ló kọ́kọ́ pa tirẹ̀ mọ́ra. Ó bèèrè ẹni tó mọ̀ pé èyí lè ṣẹlẹ̀.

"Èmi mọ̀," ni Pokuaa wí. "Mo sọ ọ́ níṣojú gbogbo abúlé, kí òjò ńlá tó rọ̀. Ẹ kó irin yẹn kúrò, sà, kí ẹ má sì tún kó irú ẹja bẹ́ẹ̀ wá mọ́."

"Òótọ́ ló sọ, sà," ni Boadu gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èmi gan-an ti máa ń sọ fún Ọ̀gá pé adágún ní imú."

Wọ́n yọ Apenteng nípò. Kẹ́ ẹ má rò pé nítorí ẹja ni. Òórùn náà wọ aṣọ Mínísítà, wọ́n fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ìyẹn ló ká Mínísítà lára. Wọ́n wá kó àwọn àgò kúrò, wọ́n kó ẹja òkèèrè sin, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sínú adágún. Nínú ẹja tibí náà, ọ̀pọ̀ kú, Pokuaa sì dárò wọn bí ẹni tó sin ẹbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi rọlẹ̀, ó gun pákó rẹ̀ padà, ó lọ sí ẹnu odò kékeré yẹn, ó dojú bolẹ̀. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ebi ti sọ di tínínrín. Ó la ẹnu, àwọn ọmọ tú jáde, wọ́n wẹ̀ yí i ká.

Aṣọ náà kò parẹ́. Oníṣòwò kan mú àwòrán rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ó sì tà á kárí Kumasi. Bí agbéraga kan bá ti ń yangàn ju bó ti yẹ ládùúgbò, àwọn obìnrin a ró o kọjá níwájú ilé rẹ̀, wọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọjọ́ kan, Apenteng wọ trótró, mọ́tò akérò. Mọ́tò ìjọba ti lọ, Boadu ti lọ ń nu àga ẹlòmíràn. Ìyá kan tó ró aṣọ náà jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹjú mọ́ aṣọ mi o. Ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ ni? 'Ẹja Gbogbo Yí Mi Ká' ni. Òmùgọ̀ kan ló wà létí adágún lọ́hùn-ún tó rò pé òkú ẹja ń kí òun. Wọ́n ní ó dojú bolẹ̀ bọ̀ wálé!" Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà wò ó dáadáa. "Àbí ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Apenteng la ẹnu. Mọ́tò dákẹ́, wọ́n ń retí ohun tó fẹ́ sọ. Ó rọra pa ẹnu náà dé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Ẹja tó bá pa ẹnu dé, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú ẹnu rẹ̀. Nínú ti Apenteng, kò sí nǹkan kan.